Bí Ìgbà Tí À Ń Fa Ẹ̀gẹ́ Lẹ́ẹ̀rùn

Ìyá mi ní Ọ̀sí,

Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́: dókítà Ìlọrin ní ẹnu ilé ọmọ mi ló há, òun ló ń sé nǹkan oṣù mọ́ mi nínú. Lọ́jọ́ kìíní irin tín-ín-rín tí wọ́n fẹ́ fi là á kò wọlé, wọn kò sì fi tipátipá tì í. Wọ́n fún mi lóògùn tó ń mú un rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bomi rin ilẹ̀ kí á tó fa ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀rùn. Nọ́ọ̀sì Badirat ní, "Ìyàwó, ìwọ ni kó o máa kọ́ wa." Lánàá irin wọlé, n ò kígbe. Ọkọ mi kò tíì ráyè dé, Badirat ló di ọwọ́ mi mú.

Ẹ kí ìyá ọkọ mi ní Ìlọ́fà. Ẹ ní ọ̀nà ti là.

Damaris yín