Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Tí Ọmọ Mẹ́tàlélógójì Kọ

                                        Ilé Àbáyọ̀mí,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Odìgbó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 1985.

Bándélé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé o ṣì ń mí ní Kàdúná níbẹ̀? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣé ó ti dákẹ́? Mo gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà ń tò yín sórí ìlà nítorí ọṣẹ. Ó tọ́ sí ọ, ìwọ tí kì í fẹ́ wẹ̀. Níbí, a ṣì ń rí gààrì mu. Olúrónkẹ́ ìyàwó mi nìkan ni kò dìde láti oṣù kẹjọ. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Orúkọ Yínká ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín ló fi ń jí.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti di olùkọ́ àgbà ní ilé-ìwé girama. Àwọn ọmọ ń dìde kí mi, tíṣà ń sá fún mi. Ó dáa, mo bù mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́rin ni mo kà, síléètì tìrẹ ni mo sì ń jí wò.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ nìyí. Ní oṣù kọkànlá, mo ní kí Péjú, ọmọ ọmọ mi, kọ lẹ́tà sí Yínká. Yínká fèsì pé òun dúpẹ́ tí ara ìyá òun le bí ọta, pé òun ń bọ̀ ní ọdún Àjíǹde. Mo gba ìwé iléèwé Péjú wò. Lẹ́tà tí tíṣà kọ sójú pátákó fún wọn náà ni: ara wa le bí ọta, bàbá mi ra mọ́tò tuntun. Ọmọ mẹ́tàlélógójì, lẹ́tà kan náà, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Bándélé, ó rí lára mi bí ẹni tó bá ìdin nínú ọbẹ̀.

Mo bá Ọ̀gbẹ́ni Benson, tíṣà wọn tí ìjọba gbé wá láti Àkókó, ní kíláàsì. Mo ní, “Tíṣà, ṣé bàbá kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn? Níbo ló ń gbé mọ́tò mẹ́tàlélógójì sí?”

Ó ní, “Bàbá, òun ni wọ́n fi ń yege ìdánwò. Tí kálukú bá kọ tirẹ̀, ta ni yóò kà á? Oṣù kẹrin rèé tí a ti rí owó oṣù gbẹ̀yìn. Oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń lọ láti ibí yìí.”

Mo ní, “Ẹ máa lọ sóko nígbà náà, ẹ yá mi ní ẹfun ìkọ̀wé yín.” Ó yá mi lóòótọ́.

Mo ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti abúlé Omifunfun, Moyọ̀sọ́lá, ló kọ́kọ́ kà tirẹ̀: “Láti ìgbà tí kòkó wa ti jẹrà lórí igi, bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá mi ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì ń gbé e kúrò.” Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Benson jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé, kò lọ oko mọ́.

Péjú nìkan ni kò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí.

Jọ̀wọ́, mú lẹ́tà yìí lọ bá Yínká, kí o kà á fún un kí ó tó di Àjíǹde. Olúrónkẹ́ lè má dúró di ìgbà yẹn. Bá mi kí ìyàwó rẹ, àti gbogbo ará ilé wa tó bá ṣì rántí mi níbẹ̀.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú tíṣà, gbọ́ èyí. Péjú ti kọ òótọ́ ní oṣù kọkànlá. Ó kọ ọ́ pé, “Màmá kò lè dá jẹun mọ́, ẹ máa bọ̀.” Èmi ni mo fà á ya. Mi ò fẹ́ kí Yínká sọ pé mi ò lè tọ́jú ìyá òun. Èmi ni mo ní kó lọ da èyí tí tíṣà kọ́ wọn kọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì, lẹ́ẹ̀kan yìí,

Àbáyọ̀mí