Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi Béèrè

Bàbá mi, ẹni tí mo ń ṣàárò,

Okun o, mo kí yín. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkọ mi ti lọ sí Lọ́kọ́jà. Èmi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn, lójú ọ̀nà Ayétòrò. Ojú ṣì ń tì mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí?

Ètò ìdarí méjì ló ń gbé inú kọ̀ǹpútà wa, bí yàrá méjì nínú ilé kan; ohun tó wà nínú ọ̀kan kì í hàn nínú èkejì. Tí a bá tàn án, á to orúkọ àwọn méjèèjì sójú, á ní ká mú ọ̀kan. Bí a bá pẹ́, á mú ti òkè fúnra rẹ̀. Inú ti ìsàlẹ̀ ni ìwé ìrántí ọdún kan yín wà, èyí tí a ó pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé. Ìka méjì ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀.

Lánàá, ẹ̀rù bà mí, mi ò tètè yàn. Ó gbé mi lọ sí ti òkè. Mo wá ìwé yín títí, mi ò rí i. Mo rò pé mo ti pa á rẹ́. Mo sunkún, Bàbá. Iná tún wá lọ.

Ìgbà tí iná dé, orúkọ méjèèjì tún hàn. Mo yára mú ti ìsàlẹ̀. Ó ní kí n tẹ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ àṣírí; ọkọ mi ló máa ń ṣí i fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Mo tẹ Olówó Orí Mi. Ó kọ̀. Mo tẹ Bàbá Ilé. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá ọkọ mi ń bọ̀, mo wá tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an, bí ẹni tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò. Ṣé mo ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn, ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Orúkọ tí ẹ fi máa ń pè mí láti ẹ̀yìn ọgbà ni, tí ẹ bá ń ti oko bọ̀, kí ẹ tó gbọn erùpẹ̀ ẹsẹ̀ yín nù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún un, kò gbàgbé. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó ṣí. Ìwé yín pé pérépéré.

Láàárọ̀ yìí, mi ò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Mo pa á, mo tún tàn án, nítorí kí n lè tẹ orúkọ yẹn. Tí ọkọ mi bá dé, mo fẹ́ ní kó máa fi pè mí. Ṣé kò ní dùn yín?

Èmi ọmọ yín, tí orúkọ rẹ̀ ṣì kù lẹ́nu yín.