Èrò Mẹ́jọ Péré Ni Láptọ́ọ̀pù Yìí Ń Gbà

Ẹ̀jìnrìn,
Ọjọ́ Jímọ́.

Bísíríyù Àlàní, ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí,

Àsàláámù àlékùn. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, gbogbo ará Itamaga ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú ọ̀nà Ìkòròdú tán ọ lókun. Àwa náà wà láàyè, alihamudulilahi, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá. Mo ní kí n tètè kọ̀wé yìí fúnra mi kí Waliyah àbúrò rẹ tó ròyìn mi fún ọ lódì, torí láti àná ló ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ lè jẹun dáadáa mọ́.

O rántí pé nígbà tí o wá ṣe Iléyá, o fi láptọ́ọ̀pù rẹ tí kámẹ́rà rẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀ fún un, o ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá wọ inú rẹ̀, á máa pín in fún fóònù tó bá wà nítòsí, họ́tíspọ́ọ̀tù lo pè é. Mi ò bá ọ jiyàn. Ohun tó wọ̀ mí létí ni ìgbà tí o ní mẹ́jọ péré ló lè gbà. Mo ní àṣé nǹkan tí mo mọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ orúkọ èrò sínú mánífẹ́ẹ̀sì létí omi níbí, kò sì sí ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tí mo jẹ́ kó gbé mẹ́sàn-án rí.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn aládùúgbò gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ nílé wa, mo tò wọ́n bó ṣe yẹ. Mo gbé bẹ́ǹṣì méjì síwájú láptọ́ọ̀pù, mo ṣí ìwé tuntun, mo kọ orúkọ kálukú àti nọ́ńbà ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ni Waliyah tó bá wọn tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Mo sì ní kí gbogbo wọn wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì tí mo kó wá láti etí omi. Ìdrís télọ̀ ń kùn pé orí ilẹ̀ la wà, mo bi í pé ṣé ó mọ ibi tí nǹkan náà ń gbé èèyàn lọ ni. Bàbá Zikrullah fẹ́ dìde lọ tọ̀, mo ní kí wọ́n mú un mọ́ra, ẹnikẹ́ni kì í bọ́ sílẹ̀ láàárín omi.

Àná Ọjọ́bọ̀ wá ni ilé iṣẹ́ kan ní Ìmọ́ta fẹ́ bá Waliyah sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù, ní aago mẹ́wàá, bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ló ti ń kọ̀wé káàkiri tí ẹnì kankan ò dá a lóhùn. Èrò méje ni mo gbà láàárọ̀ náà, mo fi àyè kẹjọ sílẹ̀ fún un. Mùlíkátù ẹlẹ́ja yíyan bẹ̀ mí títí, ó fi òbòkún ńlá kan lọ̀ mí, mi ò gbà.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Waliyah jáde láti yàrá, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní fóònù òun ò wọlé, láptọ́ọ̀pù ní òun ti kún. Mo ka orí èèyàn, méje. Mo ka mánífẹ́ẹ̀sì, méje. Mo ní ẹnì kan ti yọ́ wọ ọkọ̀ mi lónìí. Mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, mo wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo tilẹ̀ ní kí Bàbá Zikrullah gbé etí agbádá wọn sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀. Waliyah wo ojú láptọ́ọ̀pù, ó wò mí, ó wá fọwọ́ kan kókó ìró mi.

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin ni ẹni kẹjọ."

Fóònù mi tó wà nínú kókó ìró ni, Àlàní. Ìwọ fúnra rẹ lo fi í wọlé nígbà Iléyá. Láti ọdún mọ́kànlélógún, mi ò kọ orúkọ ara mi sínú mánífẹ́ẹ̀sì rí, torí èmi kì í ṣe èrò. Ojú tì mí gan-an. Èmi tí mò ń wá ẹni tó yọ́ wọlé, èmi náà ni mo jókòó sáyè ọmọ mi.

Mi ò dúró gbọ́ àlàyé. Ṣebí o ní fóònù tó bá wà nítòsí ló ń rí i gbà. Mo sá jáde tòun ti láífù-jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, mo bọ́ sínú ọkọ̀ tó wà létí omi, mo ní kí atukọ̀ máa wà á lọ. Ó bi mí pé níbo, mo ní kó ṣáà máa lọ. A dé àárín ọ̀sà, a dúró. Waliyah ní òun ń pariwo tẹ̀lé mi pé kí n kàn pa fóònù náà, mi ò gbọ́. Oòrùn ń pa mí, mò ń ṣe àdúà, bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ rọra fà sápá ilẹ̀, n ó ní kí atukọ̀ dá a padà. Ó pẹ́ kí n tó rí Waliyah létí omi, ó ń ju ìborùn rẹ̀ sókè, àwọn èrò méjèèje ń fò sókè lẹ́yìn rẹ̀ nínú láífù-jákẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n ti gbà á. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo jó nínú ọkọ̀ náà títí atukọ̀ fi ń bẹ̀ mí, ó ní òun ò wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò máa gbé, láptọ́ọ̀pù ń bá a bọ̀. Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú owó bàtà tó ṣeé wọ̀ lọ síṣẹ́, àti owó dátà fún èmi. Bó bá ṣẹ́ kù, rántí orúnkún mi. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, o ò ní fi ọwọ́ kan wá ohun tí ọwọ́ kejì yóò sọ nù, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa.

Ilé yìí á dá páro lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá lọ, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ti sunkún díẹ̀. Bó bá ti dé, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà sójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, kí ẹ ṣí i. Mo mọ̀ pé ó jìn díẹ̀, n ó ní kí ọkọ̀ gbé mi sún mọ́ yín. Ẹ má gbà ju èèyàn méje lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùsílímátù.