Híjáàbù Àǹtí Ràfíà

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jáde sí àgbàlá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ràfíà, lọ sọ́jà Ṣakí láàárọ̀ láì jí mi. Bí mo ṣe jí tí mi ò bá wọn nílé, ọkàn mi sọ pé mo ti sú wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ti kọ́ mi pé àìsàn ọpọlọ mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pé kí n fi omi tútù bọ́jú, kí n sì dúró ná. Mi ò dúró. Mo já híjáàbù tí wọ́n fọ̀ fún Jímọ̀ ọ̀la lórí okùn, mo sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rántí omi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ti ń rò pé...

Nígbà tí wọ́n dé tí wọ́n rí híjáàbù náà, mo ní, "Ẹ lé mi lọ."

"Inú ń bí mi, Sàlámátù, àmọ́ mi ò lé ẹ. Lọ fọ̀ ọ́."

Mo fọ̀ ọ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfìgbà tó yá tí wọ́n pariwo látinú ilé ìdáná: "Oúnjẹ rẹ wà nínú kúlà!"

Inú ṣì ń bí wọn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bínú sí mi tó báyẹn, kó sì tún bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀.