Ohùn Ìyá Sẹ́ńtúrì

Ajé, 3 oṣù Bélú
Àwa, Wàlíyátù Kìíní, ọbabìnrin gbogbo ilẹ̀ Èjìgbò láti Masifa títí dé Ara, aláṣẹ lórí ewúrẹ́ mẹ́ta àti àbúrò méjì, la ń kọ èyí. Ẹ kúnlẹ̀! Inú kábíyèsí ò dùn. Ìyá Sẹ́ńtúrì — Àǹtí Oyèṣọlá tó ń kọ́ wa ní ìtàn, tí "sẹ́ńtúrì" kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ — ní ìdánwò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹgbẹ̀rún ọdún ìtàn ayé. Ọ̀sẹ̀ kan péré!

Ìṣẹ́gun, 4
Fúdálísìmù. Àǹtí ní kí n ṣàlàyé. Mo ń ṣí ìwé kiri. Ó ní, "Nígbà tí bàbá bàbá rẹ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ṣé kì í san ìṣákọ́lẹ̀ ni? Òun náà nìyẹn. Àmọ́ àgbẹ̀ tiwọn ò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ yẹn láéláé. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni Èjìgbò rí, ta ni ì bá dé Àbíjàn?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5
Rẹnesáǹsì. Wọ́n gbàgbé ìwé, wọ́n tún rántí ìwé. Kí ló wá kàn mí?

Ọjọ́bọ̀, 6
Àríkẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ò jẹ́ n sinmi. "Wàlí, jọ̀ọ́, ṣe Ìyá Sẹ́ńtúrì!" Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bíi tiẹ̀, mo fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Faransé nìkan ni mo máa bi yín. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀." Àríkẹ́ nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 8
Àríkẹ́ onísọkúsọ! Ó ti jù ú sí gírúùpù kíláàsì. Ó ti dé Àbíjàn — bàbá mi ló fi ránṣẹ́ padà sí mi láti ṣọ́ọ̀bù wọn: "Gbọ́ nǹkan tí tísà yín wí, kó o kàwé." Ohùn ọmọ ẹ̀ ni, bàbá ò mọ̀! Mo ní kí Àríkẹ́ sọ òótọ́ fún wọn. "Dákẹ́ jàre, a máa rẹ́rìn-ín tó bá di Mọ́ńdè."

Ajé, 10
Fúdálísìmù. Rẹnesáǹsì. Ìmúnisìn. Ìṣọ̀tẹ̀ Faransé? Kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn kan sunkún. Èmi tí mo mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà ò kàwé. Òmùgọ̀.

Ọjọ́rú, 12
Àwọn òbí ya wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Mo ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà — ìjìyà apẹ́lẹ́yìn. Wọ́n tan ohùn inú fóònù. Àǹtí ní kí wọ́n tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ń retí kó ní irọ́ ni. Ó ní, "Ohùn mi ni. Àmọ́ mi ò rántí pé mo sọ ọ́ o."
Ó wá jókòó.

Jímọ̀, 14
Àǹtí ò pe sẹ́ńtúrì kankan lónìí. Ó kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, ó bi wá, "Ṣé mo ti kọ èyí lánàá?" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Mo bá a gbé ìwé dé ọ́fíìsì. Ó ní, "Wàlíyátù, kí ìyá mi tó kú, kò mọ orúkọ wa mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mọ́ńdè ni mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n má baà ba ayé yín jẹ́."
Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."
Ẹ pẹ̀lẹ́!

Àbámẹ́ta, 15
Mo bínú sí Àríkẹ́. Mo bínú sí fóònù. Mo bínú sí Àǹtí pàápàá — ta ló ní kó gbà á gbọ́?

Àìkú, 16
Mo lọ sílé ẹ̀. Ohùn tèmi ò jáde. Tiẹ̀ ló jáde: ikọ́ méjèèjì, "Ẹ̀yin ọmọ mi…" Ọkọ ẹ̀ dáhùn láti yàrá, "Ṣé èmi lò ń pè?" Mo ń retí ìgbátí. Àǹtí ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó dì mọ́ fírémù ilẹ̀kùn, omijé ń bọ́. "Orí mi pé," ló ń wí. "Orí mi pé." Nígbà tó nujú tán: "Lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n lè lé ẹ o."
Mo mọ̀.
Ìwé tí mo máa mú lọ láàárọ̀ ọ̀la rèé:
Kì í ṣe Àǹtí Oyèṣọlá ló sọ̀rọ̀ inú fóònù yẹn. Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni. Wàlíyátù Mùkáílà, SS2B.