Àjẹ́ Tí Kì Í Ṣépè

Màmá mi,

Láràárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, mo máa ń ṣí fèrèsé, màá bu omi sínú abọ́ kékeré tẹ́ ẹ fún mi, màá sì tan àbẹ́là kan. Màá dúró títí ọkàn mi á fi balẹ̀, màá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ àti oòrùn. Ó tán. Iṣẹ́ àjẹ́ tẹ́ ẹ kọ́ mi náà nìyẹn.

Àmọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tá a jọ ń gbé nílé yìí ti sú mi. Lánàá, Harriet tó ń gbé yàrá kejì kanlẹ̀kùn. Inú mi dùn, mo yára gbé omi tíì kaná.

"Morwenna, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Toby ti já mi sílẹ̀. Bá mi ṣépè fún un, kí irun orí ẹ̀ re dànù."

"Èmi kì í ṣépè. Jókòó ká mu tíì."

"Irú àjẹ́ wo wá nìwọ? Àjẹ́ ayédèrú." Ló bá lọ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mo lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ níbí, àmọ́ irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá àgbà. Lọ́la, màá gbé oúnjẹ mi lọ sí kíṣìnnì tí gbogbo wa jọ ń lò, màá sì jẹ ẹ́ níbẹ̀, bóyá ẹnì kan á jókòó tì mí.

Morwenna