Ọmú Tí Ìkókó Mi Ń Bì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí, àjákù aṣọ pàápàá, n kì í dà á nù. Ìkókó mi ń bi ọmú gba ẹnu gba imú, á wá ké bíi pé ata há a lọ́fun. Òfò ni lójú mi, bó bá ti bì í ni mo ń fún un ní òmíràn dípò.

Nígbà tí mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá ìkókó, ṣé garawa lẹ fẹ́ rọ kún ni? Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e nàró tó bá mu tán. Ó ń sanra dáadáa.”

Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá bì tó tún ń ké, ẹ̀rù ń bà mí láti fún un, ẹ̀rù ń bà mí láti fi dù ú. Ẹ̀yin abiyamọ, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún ọ̀fun tó ń ta?